Ìwé Pélébé Ara Máàkì Eyínfúnjowó

Àwọn ìlà funfun tó ń sáré gòkè lójú láptọ́ọ̀pù náà tún dúró síbi tí wọ́n dúró sí láàárọ̀. Àǹtí Ẹnjiníà wò ó títí, bóyá yóò ṣàánú òun, kò ṣàánú ẹnì kankan. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó pa á. Ìgbà kẹfà nìyẹn lọ́jọ́bọ̀ yẹn nìkan, aago mọ́kànlá kò sì tíì lù.

"Ó tún kọ̀?" Tíṣà, ọkọ rẹ̀, ló béèrè. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ohun tó ń ṣe láàárọ̀ ju kó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, kó máa ka ìwé ìròyìn, kó sì máa dá sí ohun tí kò kàn án.

"Ó kọ̀."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé kò sí láptọ́ọ̀pù tó lágídí tó ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín fún un, ẹ̀rín ẹnu lásán. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò tíì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún ẹnikẹ́ni, títí kan Tíṣà.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa rìn jìnnà wá bá a ni ìwé pélébé. Kò sí ẹ̀rọ tó wọlé tí kì í fi òwú so ìwé pélébé kan mọ́. Ohun tó gbé ẹ̀rọ náà wá, ohun tí òun ṣe sí i, ohun tó kù, gbogbo rẹ̀ ni yóò kọ síbẹ̀. Bí síkúrù kékeré kan bá já bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa kọ ọ́. Oníbàárà yóò kà á tán kó tó gbé ẹrù rẹ̀. Tíṣà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyàwó òun bá jẹ́ dókítà ni, gbogbo aláìsàn ì bá ti sá lọ.

Lórí pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ni Máàkì kan, irú láptọ́ọ̀pù tó ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀, wà báyìí tí ìwé pélébé rẹ̀ kò ní ju orúkọ àti ọjọ́ lọ. Ìyókù òfìfo ni. Eyínfúnjowó ló ni ín.

Eyínfúnjowó ni àbúrò Tíṣà obìnrin. Àǹtí Ẹnjiníà bá a nílé nígbà tó wọlé ọkọ, kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Eyín rẹ̀ tó funfun ló wò tó fi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ìyàwó ilé. Eyínfúnjowó náà wò ó pé ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá ju òun lọ kì í ṣe ẹni tí òun lè máa bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, ló bá ń pè é ní "Ìyàwó wa", ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn láti ogún ọdún, tí àwọn ará ilé sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ Eyínfúnjowó ni kó máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Ìwé ìtàn ayé àtijọ́ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí mẹ́rìnlá. Ó ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kó gé ibi tó ti wúkọ́ àti ibi tó ti ṣi ọ̀rọ̀ kà kúrò. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ náà máa ṣe ìdánwò, ọ̀la tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì sì ni ohùn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Àwọn fáìlì rẹ̀ wà láìfarapa nínú àpótí kékeré tó máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ètò tó fi ń gé ohùn kì í ṣí lórí ohun tí kì í bá ṣe Máàkì.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ó gbé Máàkì náà wá pé kí wọ́n bá òun gbọn eruku inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà, èyí tí Àǹtí Ẹnjiníà fi ń bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì kí ọwọ́ tó kan bóòdù, pátákó inú ẹ̀rọ tí iná ń gbà kọjá. Ọjọ́ yẹn, fóònù ń dún, oníbàárà méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì tó ti rẹ sínú sípíríìtì bọ inú rẹ̀. Iná kékeré kan ta pàrà, òórùn jíjóná jáde, Máàkì kú.

Ká ní ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Eyínfúnjowó dé, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé Máàkì náà ti gbó, bóòdù rẹ̀ ló kú. Ó rò pé ìyẹn náà ló máa parí ẹ̀. Kò mọ̀ pé obìnrin náà yóò jókòó sílẹ̀, yóò sì máa da ẹ̀bi bo ara rẹ̀. Ó ní ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má máa fi í sílẹ̀ lórí iná láti àárọ̀ dalẹ́, òun ò gbọ́. Ó ní òun ni òun fọwọ́ ara òun pa á, òun sì ti fi ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Àǹtí Ẹnjiníà ń gbọ́, ó ń mi orí, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí Eyínfúnjowó wá sọ pé òun á gbé e lọ fún ẹlòmíì wò, ẹ̀rù ba Àǹtí Ẹnjiníà. Àpá iná yẹn hàn gbangba lẹ́bàá okùn bátìrì, kò sí alátùn-únṣe tó máa rí i tí kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yára ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. Láptọ́ọ̀pù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe Máàkì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ le. Òun máa fi ètò Máàkì sí i, yóò sì ṣiṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún máa béèrè Máàkì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àṣírí tú nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ní irú láptọ́ọ̀pù yẹn ti gbé gbogbo bó ṣe ṣe tiẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà lẹ́yìn. Ó da fáìlì ọkùnrin náà kọ látòkè délẹ̀. Fáìlì yẹn ló ti ń bá jà láti àná.

Ó dojú láptọ́ọ̀pù náà délẹ̀, ó tú ikùn rẹ̀. Ó wò ó, ó sì kẹ́dùn. Káàdì wáìfáì tó wà nínú èyí kì í ṣe irú ti ọkùnrin yẹn rárá. Ilé-iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, inú ọ̀tọ̀. Òun tó máa ń sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n má fi ojú ìta ra kọ̀ǹpútà! Ó yọ káàdì náà, ó mú òmíràn lára ẹ̀rọ tó ti kú, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tan iná. Àwọn ìlà funfun sáré, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n máa ń dúró sí, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀ kedere.

Páàdì tí èèyàn ń fi ìka wọ́ kò ṣiṣẹ́. Ó so máòsì mọ́ ọn, ìyẹn yanjú. Ó wá ṣí ojú ìwé tí kọ̀ǹpútà ti máa ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó kà á níbẹ̀ pé Máàkì ni ẹ̀rọ yìí, ọdún tí wọ́n ṣe é nìyí, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí bí wọn kò bá purọ́ fún ètò náà pé inú Máàkì ló wà, kò ní jí. Ó jókòó ó ń wo irọ́ náà bó ṣe mọ́ tónítóní. Ojú tì í.

Lọ́sàn-án ni Eyínfúnjowó dé pẹ̀lú àpótí fáìlì rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ọn, ètò rẹ̀ ṣí, orí mẹ́rìnlá pé. Ó tẹ orí kìíní. Àwòrán ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí etí gbọ́. Wọ́n fi íápíìsì sí i, ó dákẹ́ bákan náà.

Eyínfúnjowó rọra sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti pe òun láàárọ̀, ó ń béèrè orí kọkànlá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ má dá ara yín lágara mọ́. Èmi ni mo fà á."

Àǹtí Ẹnjiníà gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kó lọ jókòó ní pálọ̀.

Ó tún tú ikùn ẹ̀rọ náà. Ó mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó wá ẹ̀yà kékeré tó ń mú ohùn jáde títí ó fi rí àkọlé rẹ̀. Kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn. Ní báyìí, nọ́ńbà kan wà nínú fáìlì tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kí ètò náà tó mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà, nọ́ńbà tó bá irú ẹ̀yà yìí mu sì lé ní mẹ́wàá. Ó kọ ọ̀kan, ó pa á, ó tàn án. Òfo. Ó kọ èkejì. Òfo. Ẹ̀kẹta mú ohùn wá nínú íápíìsì nìkan, tó ń há bí ẹni tó wà nínú kànga. Nígbà tó kọ ìkẹjọ, ohùn Eyínfúnjowó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ìtàn ọba kan tí wọ́n gba odò mọ́ lọ́wọ́.

Eyínfúnjowó sáré wọlé. Ó dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní wọ́n gba òun lọ́wọ́ ìtìjú. Tíṣà náà dìde níbi àga rẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ pé Ẹnjiníà òun kò lẹ́gbẹ́. Àǹtí Ẹnjiníà ti bọ́ báyìí. Kò sí ẹni tó máa béèrè Máàkì mọ́ láéláé.

Ó ku ìwé pélébé láptọ́ọ̀pù náà. Ó mú gègé, ó kọ ọ́ bí ó ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún méjìlá: *Kì í ṣe Máàkì. Ètò Máàkì ni mo fi sí i. Ẹ má tẹ ọ́pídéètì, yóò kú. Ẹ má pa á dé lẹ́nu iṣẹ́, kò ní jí. Ẹ lo máòsì.* Ó so ó mọ́ ọn. Ó wá dúró. Ìwé òfìfo ara Máàkì ṣì wà lórí pẹpẹ, ó sì dá a lójú pé òun kò ní lè máa jókòó níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó gbé Máàkì sílẹ̀, ó kọ ìlà méjì, ó fi ẹ̀rọ méjèèjì síwájú Eyínfúnjowó.

Eyínfúnjowó ka ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ka èkejì. *Eruku ló gbé e wá. Mi ò yọ bátìrì kí n tó fọwọ́ kàn án, èmi ni mo jó o.* Ó tún un kà. Tíṣà wo ojú àbúrò rẹ̀, ó wo ti ìyàwó rẹ̀, ó rọra gbé ìwé ìròyìn rẹ̀, ó jáde.

"Kì í ṣe torí pé mo fi í sílẹ̀ lórí iná?"

"Rárá o. Kò sí ẹ̀bi yín níbẹ̀ rárá. Mo pa irọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. Mi ò jẹun. Ẹ sì ń wò mí."

"Mò ń wò yín."

Eyínfúnjowó ká okùn ṣájà, ó kó láptọ́ọ̀pù náà sínú báàgì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ti ìka bọ òwú Máàkì, ó tún fi í sílẹ̀. Ó kọ́ báàgì sí èjìká, ó sì sọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ ṣeun, Àǹtí Ẹnjiníà."

Kò pe obìnrin náà bẹ́ẹ̀ rí. Ó dun Àǹtí Ẹnjiníà ju pé ó bú u lọ. Ó tẹ̀ lé e láti bẹ̀ ẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ni Eyínfúnjowó dé tó fi yíjú padà. Ojú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó ní òun ń lọ parí iṣẹ́ àwọn ọmọ, àmọ́ òun máa wá lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n jókòó sọ ọ́ délẹ̀, nítorí ó ń dun òun.

"Máàkì yẹn ńkọ́?" Àǹtí Ẹnjiníà ló béèrè. "Ṣé kí n bá yín gbé e fún ẹlòmíì?"

"Ta ni ẹlòmíì? Ta ló máa kọ ìwé sí i lára fún mi?" Ó fa báàgì rẹ̀ gòkè. "Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ tún un ṣe, Ìyàwó wa."

Ó lọ. Àǹtí Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀, ó dojú Máàkì náà délẹ̀, ó tú àwọn síkúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú àwo kékeré. Fóònù rẹ̀ ń dún lórí tábìlì, kò gbé e. Ó kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì.