Fèrè Tí N Kò Fọn

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún, ó sì ti ṣe díẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa, etí mi ò tíì di — ìbọn kan, lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn igi kédárì, kí ariwo ìgbì tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan dára. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹran ti ṣubú nìyẹn. Ká ní ó dún lẹ́ẹ̀mejì, màá ní ọmọ mi tàsé, ó ń lé e kiri. Ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, léraléra, ọ̀ràn ti dé nìyẹn, kí n yáa sáré. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Kí ló wá dé tí Lorna ò tíì yọ sétíkun?

Ó ń bọ̀. Ó ń tú ẹran ni. Àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹyẹlé téèyàn ń rọ sápò. Ó máa yọ ìfun rẹ̀, ó máa dì í, ó máa gbé e pọ̀n, ó máa wá bá igi wíwó àti ẹ̀gún òkè yẹn jìjàkadì títí á fi dé ìsàlẹ̀. Ó máa pẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa pẹ́. Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń wa ọkọ̀ fáwọn ọdẹ létí erékùṣù yìí, ta ló fẹ́ kọ́ mi bí ọdẹ ṣe ń pẹ́... Èmi Ramona. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ka àwọn tó mọ omi yìí, tí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ara mi ò lélẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló yí. Àárọ̀ yìí, láti àríwá ló ti ń fẹ́, òkè dáàbò bo etíkun yìí, omi rẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo fi imú ọkọ̀ kan òkúta báyìí, Lorna bẹ́ sílẹ̀, omi ò dé ẹnu bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó bẹ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀. Ọmọ tó lo gbogbo ọdún yẹn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ìlú Juneau, tó ń fi bàtà gogoro rìn lórí kọnkéré. Orí mi wú, kí n má purọ́. Àmọ́ báyìí... gúúsù ni. Gúúsù tààrà, láti ojú òkun gbalasa, ìgbì sì ń fọ́ funfun lórí àpáta ibi tó bẹ́ sí. Igi gbígbẹ etíkun yẹn, iwájú mi ló wà lẹ́ẹ̀kan. Ó ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìdákọ̀ró ń wọ́ nìyẹn.

Ẹnu mi ni. Ta ni mo fẹ́ dì í rù? Ẹnu mi ló pe afẹ́fẹ́ yìí wá.

Ní èbúté láàárọ̀, níbi tá a ti ń ra epo sínú ọkọ̀, Vesta ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Vesta tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. "Ramona, ibo lẹ forí lé? Àbí ọmọ Juneau fẹ́ lọ ya fọ́tò ni?" Ìdáhùn tí gbogbo ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ nílé mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "A kàn fẹ́ wo etí omi lọ ni." Báyìí làwọn ìyá wa ṣe ń dáhùn. Ẹran ń gbọ́. A kì í dárúkọ ẹni tá a fẹ́ lọ tọrọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ká má tíì wá sọ pé a máa pa á. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ti hó... "Ọmọ mi ń lọ pa àgbọ̀nrín. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹnu tó o fi ń sọ̀rọ̀ yẹn náà lo máa fi jẹ ẹ́." Ẹni tó ń fa epo gan-an dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi Herman, tó di okùn ọkọ̀ mú fún wa, wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú oúnjẹ. "Ramona. Ẹnu ẹ." Ìgbà tó fẹ́ ju okùn sí wa ló tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú tó ti ń rín sí mi láti kékeré: "O máa fọn fèrè pè é kó tó dé ìdí igi àkọ́kọ́. Àbí mi ò mọ̀ ẹ́ ni?"

Láti àná ni Lorna ti ń ṣe jẹ́jẹ́, kò gbé ohùn sókè, kò ṣàwàdà, bí Herman ṣe ní kí ọdẹ ṣe kó tó lọ. Òun pa ẹnu mọ́, èmi ìyá rẹ̀ la tèmi sílẹ̀ gbàyàù... Ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni òkè yìí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu tèmi ló ti jáde, kò sí nínú tirẹ̀. Ẹ má fi ti ìyá san án fọ́mọ.

Afẹ́fẹ́ ò gbẹ̀bẹ̀. Ó tún le sí i.

Bọ́tìnnì fèrè ọkọ̀ nìyí níwájú mi. Pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbọọrọ, máa bọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣàdéhùn. Rédíò ò wúlò, òkè ti dí i, ó kàn ń hó ṣììì létí mi. Bí mo bá tẹ fèrè, Lorna á gbọ́, á fi ohun yòówù tó ń ṣe sílẹ̀, á máa bọ̀. Herman á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí. Kó máa ṣe é. Ṣé yẹ̀yẹ́ ló ń dá mi dúró? Rárá o... ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an. Máa bọ̀ — kó máa bọ̀ wá síbo? Síbí. Sórí àpáta tí ìgbì ń fọ́ sí yìí, tí mi ò lè fi imú ọkọ̀ kàn láìfọ́ ọ. Kó dúró síbẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ ẹran lẹ́yìn, kó máa wò mí, kí n máa wò ó, kílẹ̀ máa ṣú lọ. Béárì erékùṣù yìí sì rèé, ìró ìbọn ni agogo oúnjẹ wọn, ibi tó bá ti dún ni wọ́n ń... Mo tún ti pè é lórúkọ. Bàbá Àgbà ni mo fẹ́ sọ. Bàbá Àgbà. Ẹnu yìí, ẹnu yìí.

Ẹ̀yìn òkè yìí gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti tín-ín-rín bí ọrùn, ni Abẹ́ Apá wà, kọ́rọ́ omi kékeré kan. Afẹ́fẹ́ gúúsù kì í débẹ̀ rárá. Ọkọ̀ kì í dúró sójú afẹ́fẹ́ — bí àbúrò ìyá wa ṣe kọ́ Herman nìyẹn, bí Herman ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, ọkọ̀ á yí, ọdẹ á gba ẹ̀gbẹ́ kejì òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan. Nínú ilé tiwa, ọdẹ tí wọ́n bá fi fèrè pè, àfi bí ọmọdé tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu. Àmọ́ ṣé Herman sọ fún Lorna? Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá, òun ló ń kọ́ ọmọ, mi kì í dá sí i. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ lọ́dún yìí tí Lorna padà wálé ni mo ti fà á lé e lọ́wọ́. Mo máa ń rí wọn nídìí tábìlì mi, Herman á máa ki ẹja gbígbẹ bọ òróró séálì, ọ̀rá ẹran inú òkun, á máa sọ̀rọ̀ lọ rẹrẹ, Lorna á tẹjú mọ́ fóònù. "Lorna, ṣé ò ń gbọ́ mi?" "Mò ń gbọ́ yín." Ohùn ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan nìyẹn. Àbí mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni... Ó lè jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Bí mo bá lọ sí Abẹ́ Apá tí kò mọ̀ ńkọ́? Á yọ síbí, á rí omi lásán. Á wá rántí ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un ní Juneau. "Màmá ẹ? Ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ló ń lọ." Ọkùnrin yẹn fi bú mi, kò mọ̀ pé oríkì ló ń kì mí. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ní kí n lọ ni mo ń lọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ mi ò fi fọ́ rí, tí mi ò sì gbàgbé ọdẹ kankan sétí omi rí. Kankan. Kí wọ́n lọ bi wọ́n léèrè. Àmọ́ Lorna ò bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbọ́ dàgbà, kò gbọ́ tèmi.

Ṣé mo fọkàn tán an? Ìbéèrè náà nìyẹn, kí n yéé yí i po.

Àtàǹpàkò mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó tutù. Tẹ̀ ẹ́, Ramona... má tẹ̀ ẹ́...

Dúró ná. Láàárọ̀, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ — kí ló kọ́kọ́ ṣe? Kò wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ẹran kún inú yìnyín tuntun lọ́tùn-ún lósì, kò wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo orí igi, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀. Mo rò pé idì ló ń wò. Kò sí idì kankan níbẹ̀. Bí ẹ̀ka ṣe ń fì ló ń wò, bí Herman ṣe máa ń wò ó, ọrùn rẹ̀ gan-an dà sẹ́yìn bíi ti Herman. Fóònù, fóònù... ó ń gbọ́ o. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi ń ka afẹ́fẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀, èmi jókòó síbí, mò ń bẹ̀rù fún un. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Ọmọ ilé wa ni. Ẹran àkọ́pa rẹ̀ ló wà lókè yẹn, kò ní fi bíńtín kan ẹnu nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la máa pín láti ilé arúgbó dé ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, bá a ṣe ń pín àkọ́pa. Vesta náà á gba itan. Itan tó tóbi.

Ó yá. Ìdákọ̀ró, gòkè. Ó wúwo... ẹ̀yìn mi o... gòkè. Ẹ́ńjìnì, dákun, má dójú tì mí lónìí — ó gbà. Ó gbà, ó ṣeun.

Ìgbì àkọ́kọ́. Má gbà á lójú, fi ẹ̀gbẹ́ gbà á díẹ̀. Dín in kù. Ó ti kọjá, fún un níná. Báyìí. Òmíràn. Ṣóńṣó ilẹ̀ yìí ti fọ́ ọkọ̀ àwọn tó gbójú jù mí lọ, kò ní fọ́ tèmi, mo mọ ibi tí òkúta rẹ̀ sápamọ́ sí bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi. Herman gan-an kì í gba ibí kọjá nínú afẹ́fẹ́ gúúsù. Èmi ń gbà á... Mo bojú wẹ̀yìn. Etíkun ṣì ṣófo. Tí mo bá fi lè kọjá igi tó tẹ̀ yẹn, mi ò ní rí i mọ́. Tó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí ló ń yọ ńkọ́, tó ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi tó ń lọ... Má wẹ̀yìn mọ́. Igi náà ti kọjá.

Omi ti rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí ní Abẹ́ Apá, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo. Mo lè gbọ́ èémí ara mi. Yìnyín létí omi, igi tí òkun gbé wá, òkúta pẹlẹbẹ. Kò sẹ́nì kan. Kò sẹ́nì kan, Ramona, o ti ṣe é, o ti fi ọmọ ọlọ́mọ... ọmọ ara rẹ...

Jákẹ́ẹ̀tì Lorna nìyẹn.

Ó jókòó sórí igi tí òkun gbé wá, ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akọ, ìwo rẹ̀ ṣe gbágungbàgun. Ó gbọ́wọ́ lé e lọ́rùn, ó tẹ orí ba. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi wà láàyè, ọmọ mi pa ẹran, ọmọ mi mọ ibi tí ọkọ̀ máa wà. Ojú mi ń ṣomi, kó máa ṣe é, kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Kò sẹ́ni tó ń wò mí... Kí ló dé tí kò wò mí? Ẹ́ńjìnì yìí ń pariwo, òkè ń dá a padà, adití gan-an á gbọ́. Gbogbo ọdẹ tí mo ti wá gbé rí, etí omi ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á na ọrùn, wọ́n á máa ju ọwọ́. Herman náà ń ju ọwọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ò dá a lójú pé ọkọ̀ máa dé ló ń wo ojú omi. Lorna ò wẹ̀yìn. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣé mo fọkàn tán an, ṣé mo fọkàn tán an... irọ́ ni mo ń pa fún ara mi láti ọ̀sán. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bóyá òun fọkàn tán mi.

Mo dín ẹ́ńjìnì kù, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ. Ó ṣì kẹ̀yìn sí mi. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí òkúta pẹlẹbẹ tí imú ọkọ̀ mi fẹ́ kàn.