Ìyá Tí Yóò Bèèrè Ìwé Akínlọ́lá

Ní gbogbo Langley Park l'Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó lẹ́nu tó Fúnṣọ́. Bó bá pa eku ní kíṣìnnì, kó tó délé ọ̀rẹ́ ẹ̀, eku ti di erin. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìjọba ò ní gbé òkúta ọmọ ogun sórí sàréè Akínlọ́lá, àbúrò bàbá ẹ̀, àfi tí ìwé iṣẹ́ ológun ẹ̀ bá jáde, ẹ̀rín ló fi rín.

"Akínlọ́lá tó ja ogun Gọ́ọ̀fù! Tí iyanrìn aṣálẹ̀ ń sá fún! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Jẹ́nẹ́rà fúnra ẹ̀ ló máa gbé ìwé yẹn wá kàn mí."

Ó ti lé lọ́dún tí mọ́tò pa Akínlọ́lá, ilẹ̀ lásán ló ṣì wà lórí ẹ̀. Kò níyàwó, kò bímọ, bàbá ẹ̀ àtẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú. Ìyá ẹ̀ nìkan ló lè bèèrè ìwé náà. Fúnṣọ́ bá wakọ̀ lọ sí Cheverly nítòsí ibẹ̀, níbi tí Màmá àgbà, ìyá bàbá ẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ Tóyìn, ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Tóyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ òru dé, ó ń bọ́ bàtà.

"Màmá, ẹ sáìnì síbí. Ibi tí wọ́n kọ ìyá sí."

Màmá gba bírò. Wọ́n wo fọ́ọ̀mù náà títí, wọ́n gbé bírò sílẹ̀.

"Mi ò lè sáìnì."

"Ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni? Ẹ tẹ̀ka. Ìka yín nìkan tó lé Amẹ́ríkà wọgbó."

"Fúnṣọ́, dákẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Èmi kọ́ ni mo bí Akínlọ́lá."

Bàtà já bọ́ lọ́wọ́ Tóyìn. Ẹnu Fúnṣọ́ là débi pé tírélà lè wọbẹ̀ kó tún yípo.

"Ta ló wá bí wọn?"

"Abibat."

"Àǹtí Abibat ti Ọ̀yọ́? Tó máa ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí wa?"

"Òun náà. Bàbá ìjọ ni bàbá yín àgbà, wọn ò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé àwọn bímọ síta. Bí ọmọ ṣe kúrò lẹ́nu ọmú ni wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì mú Abibat búra pé nígbà ayé Akin, òun ò ní pè é lọ́mọ òun."

Tóyìn dìde. "Màmá, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Akin kú, ta ló sọ fún Àǹtí Abibat?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí fọ́ọ̀mù náà.

"Màmá!"

"Tóyìn, ibo ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má dààmú," ni Fúnṣọ́ wí. "Èmi á pè wọ́n. Kò sọ́rọ̀ tó wúwo jù fún ẹnu tèmi."

Ó ha káàdì ìpè, ó pe fóònù aládùúgbò Abibat l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n lọ pè é. Nígbà tó dé, ó ń mí bí ẹni tó sáré wá.

"Hẹ̀lóò? Ṣé Akin ni?"

"Fúnṣọ́ ni, mà. Ẹ kú..." Àǹtí ò ṣeé pè mọ́. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá Akin."

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Fúnṣọ́ gbọ́ tó fa àga jókòó.

"Fúnṣọ́," ni Abibat wí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Kí ló pa ọmọ mi?"