Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la, Ọmọ Bọ́látitó

Mo lálàá kan mọ́jú òní, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán, òun ni yóò gbọ́n omi inú ọkọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ gbéra. A ò kúkú tíì lè lọ báyìí. Ẹ jókòó.

Nínú àlá náà, èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun wa. Ibi ìkómọ ọmọ tí Bọ́látitó, ọmọ-ọmọ mi, bí ni mo ń lọ, ní òdìkejì ọ̀sà. Èmi ni wọ́n ní kí n mú orúkọ wá. Ẹ mọ̀ pé mi ò gbára lé ọpọlọ mi mọ́, nítorí náà mo di orúkọ ọmọ náà sí etí ìró mi bí a ṣe ń di owó. Ó gbóná níbẹ̀ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkọ̀ ò ní ìgbòkun. Kò yà mí lẹ́nu. Mo bọ́ ìró mi, mo ta á sórí òpó ọkọ̀, ó wá ku èmi àti tòbí. Afẹ́fẹ́ wọ inú ìró, ó yọ bí ikùn aboyún, ọkọ̀ sì sáré.

"Ìyá àgbà," ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi, "ẹ rọra sún ìdí yín. Láti ìgbà tí ẹ ti ń jẹ púpúrú lálaalẹ́ ni mo ti ń mumi."

"Ìdí tó bí bàbá àwọn tó ń wà ọ́ nìyí. Máa lọ."

"Mò ń lọ. Ṣùgbọ́n omi ti kún dé góńgó. Tó bá yí padà pẹ́nrẹ́n, ẹnu òkun ló máa wọ́ wa lọ. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Mo gbọ́ ọ. Níbi tí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, ìgbì ń dìde, ó ń ya lulẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń da yanrìn sórí páànù. Ọkọ̀ tó bá kó sí ibẹ̀ nígbà tí omi ń fà, pákó rẹ̀ nìkan ló ń padà wálé. Mo darí ọkọ̀ sí etí igbó ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi, níbi tí omi kì í ti í fi agbára fa èèyàn, mo sì ń wá ẹni tí yóò sọ ìgbà tí omi máa yí fún mi.

Bí mo ṣe rò ó ni òfíìsì kan léfòó dé, tilẹ̀kùn tifèrèsé, lórí ẹ̀yìn akàn ńlá kan. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ILÉ IṢẸ́ TÓ Ń PÀṢẸ FÚN OMI. Òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo so ọkọ̀ mọ́ òpó náà pinpin, mo wọlé tèmi ti tòbí.

Ọ̀gá kan jókòó, ó wọ kóòtù, ó so táì, ẹnu rẹ̀ ń jẹ nǹkan láìdúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìgbà wo lomi máa yí?"

"Ìgbà tí mo bá jẹun tán, Màmá. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Mo sọ fún un. Ó kanra. "Òfin wà o. Bí omi bá fà tán tí ìyá àgbà ò tíì dé, Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la ni a ó sọ ọmọ náà."

"Ẹ-Padà-kí ni?"

"Orúkọ gidi ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹ́ ẹ."

Mo fojú inú rí ọmọ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Alága pè é pé, "Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la!" Ọkọ ìyàwó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Kò ní í ṣẹlẹ̀!" ni mo pariwo. "Orúkọ ọmọ mi wà létí ìró mi!"

"Ìró wo?" Ó na ọrùn gba ojú fèrèsé, ó já ìgbòkun mi gbà. Nígbà tó fi máa fa orí wọlé padà, ó ti di òbúkọ, tòun ti kóòtù. N kò bá a jà lórí ìyẹn. Mo ti rí ọ̀gá tó burú ju òbúkọ lọ. Ṣùgbọ́n etí ìró mi ló ń jẹ! Mo gbọ́ bí orúkọ ọmọ wa ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ, gbìì.

Lẹ́sẹ̀kan náà, omi yí.

Akàn dìde, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó gbé òfíìsì lọ. Mo di táì òbúkọ mú, mo fò sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ò sí lórí omi! Omi ti sá lọ lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ wá rọ̀ dirodiro lára òpó.

"Ìyá àgbà!" ọkọ̀ figbe ta. "Ta ló so mí báyìí? Ẹ̀yin tí wọ́n bí sójú omi! Ọmọdé tí kò tíì léyín mọ̀ pé bí omi bá kún, èèyàn á dẹ okùn sílẹ̀!"

Àwọn ẹja sawá yọrí nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Afẹ́fẹ́ wọ inú tòbí mi, ó ń fà mí lọ sí ẹnu òkun, apá kan mi di ọkọ̀ mú, ìkejì di òbúkọ. Ìgbì ń ya. Okùn ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán.

"Pọ orúkọ yẹn!" Mo fún táì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. "Pọ̀ ọ́!"

Òbúkọ la ẹnu. Ohùn Jénríyìn ọmọ mi ló jáde níbẹ̀: "Màmá! Ta ló so ọkọ̀ yìí?"

Mo lajú. Mo sáré jáde, tòbí nìkan ló wà nídìí mi. Gbogbo yín lẹ rí ohun tí mo rí. Omi ti fà lọ pátápátá, ọkọ̀ wa sì rọ̀ sára òpó bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan.

Èmi ni mo so ó. Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí omi kún. Ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín wàyí, mo ti sọ ọ́ tán.

Jénríyìn ti tẹ Bọ́látitó láago. Àwọn àna ní àwọn á dúró. Ará omi làwọn náà, wọ́n mọ̀ pé omi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ sì wò ó, ó ti ń wọlé padà, ó ti ń lá ìdí ọkọ̀.

Orúkọ ọmọ ńkọ́? Ó wà létí ìró mi níbí. Ẹ bá mi so òbúkọ ilé wa tó ń wo ìró mi yẹn mọ́lẹ̀ kí n tó dìde. Òun nìkan ni kí ẹ so pinpin.