Kéèkì Inú Agolo Bọ́tìnnì

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí, òótọ́ sì ni. Àmọ́ agolo bọ́tìnnì kì í ṣe kèrègbè. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà a sì máa wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nílé Télọ̀ láàárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, kì í ṣe èṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èṣù ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Télọ̀ tí à ń wí yìí, yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Máṣìnnì ìránṣọ wà lójú fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà láàárín, agolo mílíìkì ńlá kan tó kó bọ́tìnnì sí sì wà lórí pẹpẹ kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. Yàrá yìí kan náà ni gbogbo ilé ti ń gbàdúrà láràárọ̀, torí òun nìkan ló gba orúnkún gbogbo wọn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Télọ̀, àmọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ àdúrà, ó le ju kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó mu sítáàṣì yó lọ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló sì ṣòfin àdúrà ilé rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ló gbọ́dọ̀ ṣe Àmín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lajú kí Àmín tó dé. Àlejò tó bá bá àdúrà nílẹ̀, kó kúnlẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí ọmọkùnrin rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun nítorí bó ṣe máa ń yan káàkiri ilé, bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó sì sùn lọ sáàárín “dáàbò bò” àti “wa”. Gbogbo ilé ló kúnlẹ̀ dè é títí tó fi jí. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Télọ̀, ti dárí jì wọ́n látìgbà náà, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.

Àbúrò Ọ̀gágun ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, obìnrin ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Àdúrà, torí bó bá ti gba àdúrà mú, kì í fi ohunkóhun sílẹ̀. Á gbàdúrà fún òbí, á gbàdúrà fún aládùúgbò, á bẹ̀bẹ̀ fún alángbá ara ògiri, á wá parí ẹ̀ sórí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ òsì tó máa ń sọnù ní gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yìí, wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ kan nílé ìwé wọn. Gbogbo ọmọ ló jẹ kéèkì tiwọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àdúrà ò jẹ tirẹ̀. Kéèkì náà tóbi, ṣúgà funfun bo orí rẹ̀ bí fìlà. Ó fi ìwé tó kun àwòrán ọkọ̀ Nóà sí wé e, ó gbé e délé, ó ronú ibi tẹ́nikẹ́ni ò ní wá oúnjẹ sí, ó sì rì í mọ́ inú agolo bọ́tìnnì. Lójú tirẹ̀, ta ní ń jẹ bọ́tìnnì?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Télọ̀ ń wá bọ́tìnnì tí yóò rán mọ́ ṣòkòtò ọkọ ìyàwó kan. Ọwọ́ rẹ̀ bá ohun tó rọ̀. Ó tú ìwé, ó rí ọkọ̀ Nóà, ó rí erin aláwọ̀ ewé, ó mọ ẹni tó ni ín. Ìbá wé e padà. Àmọ́ èyí tó kù níbẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ, ọ̀nà ọ̀fun sì gbọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. “Ọmọ yìí ti jẹ ẹ́ kù,” ló wí fún ara rẹ̀. “Èérún lásán nìyí. Lọ́la, màá ra òmíràn fún un.” Ó jù ú sẹ́nu. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wá dà bíi tọmọdé: ó bu bọ́tìnnì sínú ìwé náà kó lè wúwo, ó wé e padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti rí i. Kó tó nu ẹnu tán, ó ti gbàgbé.

Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ohun méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀: ọkọ ìyàwó ń bọ̀ wá gbé ṣòkòtò, torí àárọ̀ yẹn gan-an ni ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló tíì ká tó rán. Ẹsẹ̀ òsì ṣì gùn débi tó lè fi gbálẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba àdúrà kúkúrú.

“Ta ló kàn?”

“Èmi ni,” ni Ìyá Àdúrà wí.

 Ìyàwó Télọ̀ rọra padà sí ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí tábìlì ká, wọ́n dijú. Àdúrà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà dúpẹ́ fún oorun, ó dúpẹ́ fún omi, ó kí alángbá. Ó wá tún ohùn ṣe.

“Ọlọ́run, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló jẹ kéèkì mi tó wà nínú agolo bọ́tìnnì?”

Lẹ́yìn èyí, kò sọ nǹkan kan mọ́.  Ará ìta kan ń gbálẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀. Etí Télọ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

“Ọmọ mi,” ló wí nígbà tó yá, “ó tó. Ṣe Àmín.”

“Wọn ò tíì dáhùn, Dádì.”

“Àwọn wo?”

“Ọlọ́run ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ tó bá bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, tó sì rìn lọ kí wọ́n tó fèsì, ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọlọ́run sì dàgbà ju Màmá Àgbà lọ.”

“Díẹ̀ ló fi jù mí lọ,” ni Màmá Àgbà wí.

Ẹni tó da eérú, òun leérú ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu Télọ̀ ni wọ́n fi dè é lókùn yìí. Bẹ́ẹ̀ Ìsinmi tó kọjá ló dúró níwájú àwọn ọmọdé, tó ní ẹni tó jí ẹyọ ẹ̀pà àtẹni tó jí odindi mọ́tò, olè lorúkọ àwọn méjèèjì. Ìyá Àdúrà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí àṣírí yìí bá tú lónìí, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ọmọ náà lọ́la? Wọ́n á máa na ìka sí i láti ìjókòó.

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èṣù ló jẹ ẹ́,” ni ìyàwó Télọ̀ dá sí i, ohùn rẹ̀ sì yá díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Mọ́mì, èṣù kì í di bọ́tìnnì sínú ìwé.”

 Màmá Àgbà rò pé orin lè fa àdúrà náà já, ló bá mú orin lẹ́nu. Kò tíì dé ìlà kejì tí ọmọ náà fi ní, “Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Tí wọ́n bá dáhùn báyìí, a ò ní gbọ́.”

Ni wọ́n bá ń gbọ́ ohùn nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ohùn kíkẹ̀ bíi ti àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò: “Ológbò ni. Ológbò ló jẹ ẹ́.”

“Ohùn Bùrọ̀dá Ọ̀gágun nìyẹn,” ni Ìyá Àdúrà wí. “Ó fa imú. Kàtá kì í mú Ọlọ́run.”

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí ìlẹ̀kùn fi dún gbàgà. Ọkọ Ìyàwó wọlé. Láti ìbàdí lọ sókè, ẹni ọ̀wọ̀ ni: kóòtù dúdú, táì, òdòdó láyà. Láti ìbàdí sílẹ̀, ṣòkòtò péńpé tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló wọ̀, àti bàtà tó ń kọ mọ̀nà.

“Télọ̀, ṣòkòtò mi dà?”

“Ẹ kúnlẹ̀,” ni ìyàwó Télọ̀ wí láìlajú. “Àdúrà ń lọ lọ́wọ́.”

Oníbàárà tó mọ òfin ilé ni. Ó tẹ́ àǹkáṣì sílẹ̀ fún orúnkún rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dijú. Nígbà tí ò gbọ́ àdúrà kankan, ó fara sún mọ́ Màmá Àgbà.

“Màmá, kí la ń dúró dè?”

“Èsì.”

“Èsì kí ni?”

“Ẹni tó jẹ kéèkì inú agolo bọ́tìnnì.”

Ikọ́ gbé Ọkọ Ìyàwó. Ó wúkọ́ títí òdòdó àyà rẹ̀ fi já bọ́. Bó ti rí ohùn padà, ó kígbe: “Àmín. Àmín o.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀,” ni ọmọ náà wí.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò kóòtù. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn ará ilé ìyàwó ni. “Ẹ̀gbọ́n Télọ̀,” ni ọkùnrin náà sọ wúyẹ́wúyẹ́, “tí mo bá fi péńpé yìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àna mi á gba ọmọ wọn padà.”

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Télọ̀ mọ èyí tínú ń run ní tirẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á fi itan lásán gbéyàwó. Tó bá sọ̀rọ̀, òun á di Olè Ẹ̀pà lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Fóònù tún dún. Ó mí kanlẹ̀.

“Ìyá Àdúrà.”

“Dádì.”

“Ọlọ́run ti dáhùn.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní èmi ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ọmọ mi. Èmi náà ni mo kó bọ́tìnnì síbẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú.”

 Ọmọ náà rò ó.

“Ṣé gbogbo ẹ̀?”

“Rárá. Èyí tí mo bá níbẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ.”

Ìyá Àdúrà gbórí sókè láìlajú. “Ọlọ́run, ẹ ṣé. Ó ku ti ìyókù.”

Ìyẹn gan-an ló tú àpò ọ̀rọ̀. Ìyàwó Télọ̀ kọ́kọ́ túúbá. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé Ọ̀gágun lòun ń wá, ó ní, òun sì gé ibi tó yọ síta lára kéèkì náà kó lè dọ́gba. Nígbà tó dọ́gba tán, ó tún rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì yọ síta.

“Bàbá wọn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” ló wí.

“Mo dijú,” ni Télọ̀ wí.

“Mo mọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wò mí.”

“Abẹ́rẹ́ ni mò ń wá ní tèmi,” ni Màmá Àgbà wí. “Ṣúgà orí ẹ̀ nìkan ni mo ha jẹ. Kí lẹni tí ò léyín bí èmi tún lè jẹ lára kéèkì, bí kì í bá ṣe ṣúgà?”

“Mi ò jẹ ẹ́ o,” ni Ọ̀gágun wí lábẹ́ tábìlì. “Mo kàn lá a ni. Yíká.”

Télọ̀ rántí pé èyí tí ọmọ yìí lá yíká lòun jẹ kẹ́yìn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Ó wá ku ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì wọ kóòtù.

“Nígbà tí mo wá ṣa bọ́tìnnì kóòtù lánàá,” ni Ọkọ Ìyàwó wí, “mo rí i nínú agolo. Mo rò pé wọ́n gbé e síbẹ̀ fáwọn oníbàárà ni.”

“Láàárín bọ́tìnnì?” ni Màmá Àgbà bi í.

“Màmá, ẹ̀rù ìgbéyàwó ń bà mí. Bẹ́rù bá ti ń bà mí, ohun tọ́wọ́ mi bá bà, mo máa ń jẹ ẹ́. Mo jẹ bọ́tìnnì kan pẹ̀lú.”

Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Ìyá Àdúrà gbọ́ ti gbogbo wọn tán. Ó nu imú, ó pa ọwọ́ pọ̀ dáadáa. “Ọlọ́run, mo ti gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ sọ́run àpáàdì nítorí kéèkì. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì yẹn jáde lára bùrọ̀dá yìí. Ẹ bá mi wá bàtà mi òsì. Àmín.”

“Àmín,” ni gbogbo ilé wí. Kò sí Àmín tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ rí lágbègbè náà.

Télọ̀ fò dìde, ó sì tún ṣubú lulẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú tipiri. Wọ́n gbé e sórí àga. Bó ti ń fọwọ́ darí aṣọ lórí máṣìnnì, Ọ̀gágun wà nísàlẹ̀ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pẹ́dà, Màmá Àgbà ń pàṣẹ pé kó tẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ìlà tó jáde rìn bí ejò tó mu ọtí. “Ìyàwó ni gbogbo ayé máa wò,” ni Màmá Àgbà wí. Ọkọ Ìyàwó wọ ṣòkòtò náà lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó ń fò lọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé páálí kan wá láti ibi ìgbéyàwó. Odindi kéèkì ló wà nínú rẹ̀, ṣúgà bò ó látòkè délẹ̀. Ẹni tó gbé e wá ní ti Ìyá Àdúrà ni, ọkọ ìyàwó sì ní kí wọ́n sọ fún un pé àdúrà ti gbà, bọ́tìnnì ti jáde.

Wọ́n gbé kéèkì náà sáàárín tábìlì ìgéṣọ, wọ́n ní wọn ò ní gé e àfi tí wọ́n bá gbàdúrà lé e. Ìyá Àdúrà ní òun lòun máa gbà á. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n dijú, bí òfin ilé ṣe wí.

“Rárá,” lọmọ náà wí. “Ẹ lajú. Gbogbo yín.”

Màmá Àgbà wo Télọ̀, òun tó ṣòfin. Télọ̀ wo kéèkì. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó rántí pé ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á jókòó níwájú òun, òun yóò sì sọ ìtàn ẹni tó jí kéèkì fún wọn, yóò dárúkọ olè náà, wọn ìbáà rẹ́rìn-ín.

“Ẹ lajú,” ló wí.

Ìyá Àdúrà nìkan ló dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí alángbá, kò sì kánjú. Àwọn yòókù lajú sílẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wo kéèkì, wọ́n sì ń wo ara wọn. Télọ̀ tiẹ̀ ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí ó ti mọ ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe nídìí kéèkì.