Ìbéèrè Mẹ́rin Lára Orúkọ Bàbá Khuyến

Nígbà tí Tết, ọdún tuntun wa, ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹgbẹ́ àwọn àgbà àdúgbò wa ní Nam Định bẹ Quyên kó bá wọn tẹ ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn méjìlélọ́gọ́ta tó ti pé ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Quyên ń ṣe jẹun, kò sì ka èyí sí nǹkan kan. Ó kọ ètò kékeré tí yóò máa kó orúkọ wọn sínú fáìlì, ó sì pàṣẹ fún un pé bó bá kan lẹ́tà tí kò mọ̀, kó fi àmì ìbéèrè dípò rẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó wá gbé fáìlì náà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Bàbá Đặng Đình Khuyến ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ nìyí: ??ng ?ình Khuy?n. Orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bébà bí àtẹ̀gùn, àdúgbò sì ti já bọ́ létí ìwé.

Bàbá fa àga, ó jókòó ti Quyên.

“Ìbéèrè mẹ́rin lẹ bi mí, mo wá dáhùn. Mo wà láàyè. Mo ti pé ọgọ́rin. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn débí. Ìkẹrin ni kò yé mi. Tún un bi.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ṣì í.”

“Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ̀ mí.”

Ojú ti Quyên, torí òun ló pàṣẹ. Ó yí ètò náà padà kó lè máa kọ lẹ́tà lọ́nà tí ẹ̀rọ àtijọ́ náà gbọ́. Àwọn àmì padà sórí lẹ́tà, àmọ́ àtẹ̀gùn ò lọ. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, kò rí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tẹ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó wo bébà náà, ó bi í bóyá ó ti ẹ̀rọ padà nígbà tí ìlà parí. Quyên ní kọ̀ǹpútà ò ní nǹkan tí wọ́n ń tì.

“Yíyí bébà sókè lọ́tọ̀, títi ẹ̀rọ padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà lọ́tọ̀. Ọ̀kan péré lo ṣe.”

Quyên ṣí ètò náà wò. Lóòótọ́, àmì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi sí ìparí ìlà, èyí tó ní kí ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ní kó padà síbẹ̀rẹ̀ ni kò sí. Ó fi kún un, gbogbo ìlà sì tò gún.

Ó rò pé Bàbá á wá máa lọ sílé. Bàbá yọ awò ojú lápò, ó fi ka gbogbo ìwé méjìlélọ́gọ́ta náà, ó sì dá ẹyọ kan padà.

“Ìyá Mến, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìfẹ́, lo sọ di kúbùsù yìí.”

Quyên tún fẹ́ dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ó ṣí àkọsílẹ̀ wò: ọwọ́ ara rẹ̀ ló tẹ Mền, tó túmọ̀ sí kúbùsù, síbẹ̀ dípò Mến.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Ìyá Mến tẹjú mọ́ ìwé tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní láti kékeré, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ òun pé bẹ́ẹ̀ rí, ó sì gbàdúrà fún Quyên. Quyên tẹrí ba gba àdúrà, kò sì sọ pé Bàbá ló rí àṣìṣe òun.