Ọ̀nà Tó Wà Lábẹ́ Orúkọ

Habeebah tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orúkọ tó wà lórí máàpù sì pòórá. Ayétòrò lọ, Eggua lọ, Ìmẹ̀kọ lọ. Igbó, ilẹ̀ pupa àti òrùlé páànù nìkan ló ṣẹ́ kù, bí sátẹ́láìtì ṣe yà wọ́n láti òkè.

"Ta ló pa wọ́n rẹ́?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Ẹnikẹ́ni ò pa wọ́n rẹ́, Bàbá. Fọ́tò ló wà nísàlẹ̀, orúkọ la tẹ́ lé e lórí, bí ìgbà téèyàn tẹ́ aṣọ sórí ẹní. A lè ká a nílẹ̀, ká tún un tẹ́."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ní abúlé kékeré kan lẹ́yìn Eggua, tí ilẹ̀ Benin kò jìnnà sí rárá. Bàbá Àúdù ni baálé ibẹ̀. Habeebah, ọmọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ayétòrò tí wọ́n ti ń ṣe máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló gun ọ̀kadà wá, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa kó orúkọ inú máàpù náà fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri. Abúlé tó bá lórúkọ ni nọ́ọ̀sì máa yà sí. Ti bàbá rẹ̀ kò lórúkọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, èyí ń rá, èyí ń fà, ọmọ oṣù mẹ́rin tí Àpèkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Habeebah, bí sì wà lára wọn.

Ẹni tó fà á kò jìnnà. Oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí ìjọba ti bọ́dà pa, àwọn ará ọ́fíìsì Habeebah wá béèrè orúkọ abúlé. Bàbá Àúdù pàdé wọn ní oríta, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ wọn, ó gbà lọ́kàn pé aṣọ́bodè ni wọ́n. Ó ní kí wọ́n padà, ahoro ló wà níwájú, ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo abúlé fi rẹ́rìn-ín pé baálé àwọn gbọ́n ju aṣọ́bodè lọ.

Habeebah rántí òwe irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ó sì gbé e mì. Kì í ṣe gbogbo òwe ni "tótó ṣe bí òwe" lè gbà là lẹ́nu ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ì bá ti kọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹnu baálé ni yóò ti jáde.

"Bí mo bá sọ ọ́," bàbá ní, "wọ́n á mọ ọ̀nà tí à ń gbé ọjà gbà kọjá bọ́dà. Ọ̀nà yẹn ni mo fi tọ́ yín."

Habeebah kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ fọ́tò náà lójú sí i. Ilà funfun kan yọ láti ẹ̀yìn ilé wọn, ó gba etí odò, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi oṣè ńlá kan, ó sì wọ ilẹ̀ Benin lọ. Ohun búlúù kékeré kan wà nídìí igi náà.

Bàbá Àúdù sún mọ́ ọn. "Tápólì Sàlímọ́tù nìyẹn."

Abẹ́ tápólì yẹn ni Sàlímọ́tù, ìyá Habeebah, ti máa ń ta ẹ̀kọ tútù fún àwọn ọlọ́jà. Habeebah a jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá rẹ̀, lórí àpò àgbàdo, ebi á máa pa á, títí yóò fi rí búlúù náà lókèèrè. Ọdún méjì rèé tí ìyá ti kú.

"Ìgbà wo ni wọ́n ya fọ́tò yìí?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá."

"Láti ọdún mẹ́ta ni gbogbo ayé ti ń wo ọ̀nà wa?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù."

Bàbá gbójú sókè wo ẹ̀yìn ilé. Láti ìgbà tí ṣọ́jà ti dúró sétí odò, ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ mọ́. Koríko ti ga dé ìbàdí.

Àpèkẹ́ jáde, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀?"

Bàbá Àúdù wo ọmọ náà títí.

"Kí ni mo wá ń fi pamọ́?" ó ní. "Kọ ọ́. Ìdí-Oṣè ni wọ́n ń pè wá."

Ó tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀rí tí Habeebah mú wá láti ọ́fíìsì. Habeebah kọ orúkọ náà, ó sì tẹ́ ẹ lé fọ́tò. Lẹ́tà funfun náà dúbúlẹ̀ gbọọrọ lórí igi àti ọ̀nà.

"Ó ti bò ó," bàbá ní.

"Kí ló bò, Bàbá?"

"Ìyá rẹ."

Habeebah ní òun lè sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Fi í síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni orúkọ wa wà. Ṣáà bá mi ká a nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó lọ."

Ó ká a. Láti oṣù mẹ́fà ló ti ń wo fọ́tò yìí ní ọ́fíìsì, tó ń wá àyè tí òun máa kọ orúkọ sí. Ojú rẹ̀ ti kọjá lórí búlúù yẹn ní àìmọye ìgbà, kò sì mọ̀ pé tápólì ìyá òun ni. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó fà á sáàárín òun àti bàbá rẹ̀, kò sì tíì tẹ́ orúkọ padà.