Àgò Ẹja Láàárín Odò

Ọ̀ọ́dúnrún ẹja ló wà nínú àgò ọparun tí mo so mọ́ òpó láàárín odò Ọ̀ṣun, lápá Aṣèjírẹ́. Aṣọ òkè ìgbéyàwó mi ni mo tà fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ìkirè fi mí rẹ́rìn-ín.

"Àṣíáwù ń sin ẹja bí ẹni ń sin adìyẹ!"

Mo ní kí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín má fẹnu kan ọbẹ̀ mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun ni mo ti kọ́ ọ. Àgò á máa fì lórí ìgbì, ẹja á máa sanra. Ohun tí n ò rò ni pé kò sẹ́ni tó ń gbin kòkó lójú òkun.

Oko kòkó Bàbá Fájánà wà lókè odò. Bí àgbẹ̀ wa bá fín oògùn kòkó tán, odò ló ti ń fọ ẹ̀rọ tó fi fín in. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé òórùn oògùn náà wá.  Mo sáré lọ bá Bàbá Fájánà lóko.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ẹ̀rọ yẹn sódò."

"Odò bàbá rẹ ni?"

"Rárá, àmọ́ ẹja inú ẹ̀, tèmi ni. Kànga ṣáà wà nílé yín."

"Kí n wá da májèlé sínú omi tí mò ń mu?"

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

Ìgbà náà ni ìyàwó wọn, Ọ̀ṣúnrónkẹ́, yọ lójú ọ̀nà odò, ẹ̀rọ lórí, omi ń kán sí i léjìká.

"Mo ti fọ̀ ọ́ tán, Bàbá."

N ò dúró gbọ́ ìyókù. Èmi àti omi jọ ń sáré. N ò mọ èwo nínú wa ló máa kọ́kọ́ dé.

Mo wọ odò, mo fa ilẹ̀kùn àgò ya. Àwọn ẹja ò lọ. Ṣe ni wọ́n ń rọ́ wá bá ọwọ́ mi, wọ́n ṣe bí oúnjẹ ni mo gbé wá.

"Ẹ máa lọ! Ẹ̀yin aláìgbọ́n wọ̀nyí, ẹ máa lọ!"

Omi dún gbàmù lẹ́yìn mi. Bàbá Fájánà ni, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, àdá lọ́wọ́. Wọ́n gé okùn.

"Di ẹ̀gbẹ́ kan mú! Yí i!"

A yí àgò dojú dé. Ẹja tú yẹ́ẹ́yẹ́ sí ìsàlẹ̀ odò, kò ku ẹyọ kan.

Kò pẹ́, ẹja kékeré kan léfòó wá látòkè, ikùn rẹ̀ funfun síta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá Fájánà ń wò wọ́n.

"Omi tí àwọn ará Àpòmù nísàlẹ̀ odò ń pọn mu nìyí," ni wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́.

Mo fa Bàbá lọ́wọ́ jáde nínú omi, a forí lé ọ̀nà Àpòmù láti kìlọ̀ fún wọn.